Ọdún Mẹ́ta Kí Asọ̀rọ̀mágbèsì Tó Gbèsì

Bàbá mi máa ń dá rédíò lóhùn. Nínú abà wa lọ́nà Ìdànrè, tí ìròyìn alẹ́ bá ti dé orí iye tí wọ́n ń ra kòkó, bàbá á ju ọwọ́ sókè: “Irọ́ ni! Ta ló san ìyẹn fún ọ?” Àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà sọ rédíò, torí ó lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbọ́ ohun tí ẹ bá wí sí i. Bàbá mi kò gbà bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Rédíò yẹn ló kàn mí nínú ogún rẹ̀.

Fírìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tún ṣe ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí. Mo mọ iná, mo mọ wáyà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì lẹ nǹkan. Ìmọ̀ yìí gan-an ló kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀, nítorí ẹni tó mọ díẹ̀ kì í fẹ́ béèrè.

Ọdún 2020 ni, nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ki bátìrì ńlá mẹ́rin bọ rédíò bàbá mi, mo yí i sí shortwave. Mo gbọ́ Haúsá, mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Lárúbáwá. Láàárín wọn, níbi tí mo rò pé kò sí nǹkan kan, mo gbọ́ ohùn kan bíi ti pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Á ké, á dákẹ́, òmíràn á ké padà. Mo ní rédíò ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo tú u palẹ̀ sórí tábìlì, mo fi lẹ́ẹ̀dì tún ojú mẹ́ta tí kò ṣe nǹkan kan lẹ̀, mo tò ó padà. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, àti pé kò sí ohun tó ṣe rédíò náà. Ohùn ilé iṣẹ́ rédíò máa ń gun ẹ̀yìn ìgbì kan tó ń gbé e rìn, bí ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwọn tí mo ń gbọ́ yìí ti yọ ìyá kúrò, ọmọ nìkan ni wọ́n ń rán, kí agbára rédíò wọn má baà ṣòfò. SSB ni wọ́n ń pè é. Rédíò tó bá máa gbọ́ wọn yékéyéké gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá ìyá mìíràn fún ọmọ náà. Ti bàbá mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi dàrú.

Rédíò amateur ni ohun tí wọ́n ń ṣe, ham ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Ènìyàn lásán ni wọ́n: olùkọ́, awakọ̀, dókítà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ìjọba orílẹ̀-èdè wọn fún wọn láṣẹ láti máa fi rédíò tiwọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé, ní àwọn ìkànnì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ kò gbọdọ̀ fi polówó ọjà. Ẹ kò gbọdọ̀ kọrin sí i bíi ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹnà pàápàá kò sí níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ kò gbọdọ̀ fara pamọ́ fún ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ní orúkọ ìpè tirẹ̀, ti Nàìjíríà sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ni wọ́n ti ń gba àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ṣé ẹ rí i, ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ yẹn. Wọ́kì-tọ́kì ni mo lọ rà.

Ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹrù fóònù ni mo ti rà á, kékeré àtọwọ́ Ṣáínà, agbára rẹ̀ kò ju wọ́ọ̀tì 5 lọ. Wọ́n ti to ìkànnì bíi mélòó kan sínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, èmi kò sì béèrè ẹni tó ni wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin: “Géètì kejì, géètì kejì, ọ̀gá ti ń jáde bọ̀ o.” Ara mi yá gágá. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o! Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?”

Ó dákẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dé tí kò ní àwàdà nínú rárá: “Ta nìyẹn? Níbo lo wà?”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pe orúkọ àdúgbò wa. Ìyàwó mi ló já nǹkan náà gbà lọ́wọ́ mi, tó pa á, tó sì kó o sínú àpótí aṣọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìtura kan ni mo lọ já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó bá mọ bí ọkàn àwọn ará ìlú ṣe ń fò sókè sódò nítorí ajínigbé á mọ̀ pé ohùn àjèjì lórí ìkànnì ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe eré. Ìkànnì oníkànnì ni, n kò sì ní àṣẹ kankan. Ojú tì mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ti ra irú ẹ̀ báyìí, tí ìka rẹ̀ ń yún un.

Ká tilẹ̀ ní mo ní àṣẹ, ohun kékeré yẹn kò lè gbé mi dé ibì kankan. Ìkànnì amateur tó wà nínú rẹ̀, láti 144 dé 146 MHz, bí ojú ṣe ń ríran ló ṣe ń rìn: tí àpáta bá dí i, ó parí. Ẹ sì mọ Àkúrẹ́, àpáta ló yí wa ká. Mo gbé e gun Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ kan, gbogbo àtẹ̀gùn tó lé ní 600 náà, mo dúró lókè, mo fi etí sí i fún wákàtí méjì. Hàà. Bí ẹni tó ra fóònù ní ìlú tí ẹlòmíràn kò ti ní fóònù ni. Obìnrin kan tó ń ta omi lókè náà bi mí bóyá iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo ìyókù ọdún yẹn títí wọ 2021, etí ni mo fi ṣe é, n kò fẹnu ṣe é mọ́. Yunifásítì Twente ní orílẹ̀-èdè Netherlands ní rédíò kan tí ẹnikẹ́ni lè yí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti orí fóònù. WebSDR ni orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo ti ná owó, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ di ènìyàn níbẹ̀. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké “CQ, CQ”, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ kí ó dá mi lóhùn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ìkànnì ṣófo kí wọ́n tó gbà á, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á sọ fún ara wọn pé “five nine”: 5 ni pé ọ̀rọ̀ rẹ yé mi kedere, 9 ni pé ohùn rẹ lágbára. 73 ni wọ́n fi ń kí ara wọn pé ó dàbọ̀. Àwọn ìbejì mi ti mọ Alpha, Bravo, Charlie dé Zulu, orúkọ tí wọ́n fi ń pe lẹ́tà A dé Z lórí rédíò, lórí kí èmi tó mọ ìlàjì. Wọ́n á máa fi bú ara wọn.

Ìparí 2021 ni ìwé àṣẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Orúkọ ìpè mi wà lórí rẹ̀, mo sì ń pè é lẹ́nu bí orúkọ ọmọ tuntun.

Mo wá ra rédíò gidi, àlòkù, tó ti dàgbà, agbára rẹ̀ wọ́ọ̀tì 100. Owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fírìjì mẹ́fà ló lọ sí i. Nígbà tó kan áńtẹ́nà, mo wo wáyà iná tó ṣẹ́kù sí ṣọ́ọ̀bù mi, bíi mítà 7, mo ní wáyà ni wáyà ń jẹ́. Mo so ó mọ́ ẹ̀yìn rédíò, mo ju ìyókù sórí òrùlé. Mo tẹ bọ́tìnnì ní 14 MHz, mo ń ké CQ. Mo ké, mo sinmi, mo ké. Nígbà tó di bí ogún ìṣẹ́jú, mo gbọ́ òórùn ike tó ń jóná. Mo kọ́kọ́ bi ìyàwó mi pé kí ló wà lórí iná.

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ fírìjì kò yẹ kó ṣe irú àṣìṣe yìí. Tí páìpù gáàsì bá dí, kì í ṣe páìpù ló ń jóná, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rédíò rí. Tí gígùn wáyà kò bá bá ìkànnì mu, agbára tó yẹ kó jáde á ṣẹ́rí padà wọlé, á sì sun transistor tó rán an jáde. Rédíò ìsinsìnyí a máa dín agbára ara rẹ̀ kù tó bá rí i bẹ́ẹ̀. Tèmi kò mọ irú ọgbọ́n yẹn. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní SWR tó ń wọn iye tó ń padà: 1 ló dára jù, 2 ṣe é mú mọ́ra, tó bá ti kọjá 3, ẹ ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí mo ná láti tún rédíò yẹn ṣe, oṣù mẹ́rin ni rédíò sì fi wà lọ́dọ̀ ẹni tó tún un ṣe l'Ékòó.

Oṣù mẹ́rin yẹn ni mo fi kọ́ ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe. Ẹ mú 143, ẹ fi MHz tí ẹ fẹ́ lò pín in. Fún 14.2, ó jẹ́ mítà 10.07. Ẹ gé wáyà sí méjì, mítà 5 àti díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ so kébù mọ́ àárín wọn, ẹ fà wọ́n sókè gbọọrọ bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gùn díẹ̀ ju ìṣirò lọ, torí ẹ lè máa gé e kù díẹ̀díẹ̀ títí mítà SWR á fi gbà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá gé ti lọ nìyẹn. Wáyà ni ẹni tó bá ní owó díẹ̀ kọ́kọ́ ń tọ́jú, kì í ṣe rédíò. Marconi fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó dá rédíò sílẹ̀, ní oṣù Kejìlá 1901, káìtì ló fi gbé wáyà sókè ní Newfoundland kó tó gbọ́ ìró tó wá láti òdìkejì òkun.

Èmi kò ní káìtì, ọparun ni mo ní. Ọparun méjì gíga ni mo gbé wá láti ọ̀nà oko, mo sì ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, tọ́ọ̀ṣì lórí mi bíi ti ọdẹ, torí ọ̀sán ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo ti fa wáyà kan dé òkè nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá onílé.

“Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń so mọ́ orí ilé mi?”

“Áńtẹ́nà ni, Mà.”

“Áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n kì í rí báyìí.”

Kò dá wá. Ọdẹ àdúgbò mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi tọ́ọ̀ṣì tọ wáyà náà láti ọparun kan dé èkejì. Èyí tó kéré jù ló là á: wọ́n ní irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi ń bá àwọn tó wà nínú igbó sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo sáré mú ìwé àṣẹ jáde. Wọ́n ní òyìnbó ló wà lára rẹ̀, kí n tan ẹ̀rọ náà kí àwọn gbọ́. Mo tan rédíò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Nínú gbogbo èdè ayé, ohùn tó kọ́kọ́ jáde ni ti ọkùnrin kan tó ń fi ìkánjú sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, kíákíá, bí ẹni tó ń pàṣẹ.

Gbogbo wọn yí ojú sí mi.

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣe parí tí kì í bá ṣe ọdẹ àgbà yẹn. Ó tẹ́ etí sílẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹni yìí ń rẹ́rìn-ín. Ajínigbé kì í rẹ́rìn-ín báyìí.” Síbẹ̀, wọ́n ní kí n tú wáyà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì tú u. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, mo mú fọ́tòkọ́pì ìwé àṣẹ fún alága, mo ṣàlàyé, mo dáhùn ìbéèrè fún wákàtí kan, mo ra mínírà fún wọn. Ọ̀sán gangan ni mo fi gbé ọparun padà, àwọn ọmọ àdúgbò sì bá mi dì í mú. Ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá yín.

Wáyà dúró, SWR wà ní 1.3, rédíò ń ṣiṣẹ́. Mo ké CQ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ariwo ló kún etí mi, ṣììììì, bí ẹni ń dín àkàrà, láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Mo rò pé áńtẹ́nà ni. Mo rò pé rédíò ni. Lọ́jọ́ kan iná lọ ní gbogbo àdúgbò, rédíò mi sì ń lo bátìrì mọ́tò. Ariwo náà dákẹ́ pẹ́ẹ́, bí ẹni pa á lẹ́nu dé. Gbogbo ènìyàn ń ráhùn, èmi nìkan ni mo ń fò sókè.

Àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú ilé ló ń pariwo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí iná dé. Gílóòbù LED méjì ní pálọ̀ wà nínú wọn. Ṣájà fóònù ìyàwó mi burú ju gbogbo wọn lọ. Inverter aládùúgbò ni n kò rí ṣe nǹkan kan sí, mo kàn mọ̀ pé tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́ wọ́n á pa á. Gílóòbù ni mo pààrọ̀, ṣájà ni mo ra òmíràn. Ìyàwó mi ní owó rédíò yìí ti ń wọ inú ẹran ọbẹ̀. Kò purọ́.

Oṣù Kẹwàá 2022 ni àrá dé. N kò sí nílé, kébù wà lẹ́yìn rédíò níbi tí mo fi í sí láàárọ̀. Kò tilẹ̀ bọ́ sórí áńtẹ́nà mi, ọ̀pẹ kan tó wà ní bí ilé mẹ́rin sí wa ló là. Ìyẹn tó. Rédíò tàn nígbà tí mo dé, iná rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ti dití. Ó tún di Èkó. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti parí, mo máa ń yọ kébù kúrò lẹ́yìn rédíò, màá sì ju orí rẹ̀ sí ìta ojú fèrèsé, kì í ṣe sẹ́yìn tábìlì. Mo ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pá bàbà kò ní kí ẹ má yọ kébù o.

Ohun kan wà tí n kò lè bá ara mi wí fún. Oòrùn máa ń ní àwọn àmì dúdú lójú, tó ń pọ̀, tó tún ń dín kù láàárín bí ọdún 11. Agbára oòrùn ló ń sọ òkè lọ́hùn-ún, ní bí 200 sí 400 kìlómítà, di ohun tó ń da ìgbì wa padà sílẹ̀, bí ògiri ṣe ń da bọ́ọ̀lù padà. Nígbà tí àmì bá pọ̀, wọ́ọ̀tì díẹ̀ lè dé ibi tó jìnnà. Nígbà tó bá ṣọ̀wọ́n, àwọn ìkànnì òkè bíi 21 àti 28 MHz á gba ibẹ̀ kọjá, wọn ò ní padà. Ìparí 2019 ni oòrùn wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìgbà tó yan láti sùn ni èmi yan láti jí.

Nígbà tí rédíò fi ti Èkó dé lẹ́ẹ̀kejì, oòrùn ti ń jí. Mo gé wáyà kejì tó kúrú fún 21 MHz. Ní oṣù Kẹta 2023, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo jókòó, mo béèrè bóyá ìkànnì ṣófo, mo ké CQ mi. N kò retí nǹkan kan. Mo ti mú ife tíì lọ́wọ́ kejì.

Ọkùnrin ará Ítálì kan pe orúkọ ìpè mi padà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ní five nine.

Tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣì ń wá ohun tí màá sọ nígbà tí òmíràn pè mí, òmíràn tún pè, lẹ́yìn náà ni wọ́n dà bo ara wọn. Àwa tó ń sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà kò pọ̀, nítorí náà tí wọ́n bá ti gbọ́ 5N, olúkúlùkù ló ń fẹ́ kó wà nínú ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ sí. Ó dà bí Ọjà Ọba tó kù ọ̀la ọdún. Ohùn tó tó ogún ń pe orúkọ mi pọ̀, n kò lè yọ ẹyọ kan nínú wọn. Orúkọ ìpè tí mo ti ń pè lẹ́nu fún ọdún kan ó lé, mo gbàgbé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Mo na ọwọ́, mo pa rédíò.

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. “Wọn ò tíì dáhùn náà?”

“Wọ́n dáhùn.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Mi ò mọ̀. Mo ti pa á.”

Ó wò mí títí, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo padà síbẹ̀, mo fi bébà kékeré tí mo kọ orúkọ ìpè mi sí lẹ̀ mọ́ iwájú rédíò, mo sì bá ènìyàn mọ́kànlá sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo kọ gbogbo wọn sínú ìwé, pẹ̀lú aago tó wà lára ògiri wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan nínú wọn kọ̀wé sí mi pé òun kò rí mi nínú ìwé tòun ní aago tí mo kọ. Ó ṣe tán, UTC, aago àjọlò àgbáyé, ni gbogbo ayé fi ń kọ ọ́, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Mo jókòó, mo yọ wákàtí kọ̀ọ̀kan kúrò lára mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mo sì ra aago kékeré kan tí mo gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àlejò ṣì ń sọ fún wa pé ọ̀kan nínú aago wa ti kú.